Bí Ọmọ́níyì Onífọ́tò Ṣe Lọ sí Rùwáńdà

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí ohun tí ènìyàn ò lè tìtorí rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Wọ́n ń lọ kàwé, wọ́n ń lọ tọ́jú arúgbó, wọ́n ń lọ bímọ, wọ́n ń lọ tún orúnkún ṣe. Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó tìtorí ìpàdé àwọn olùkọ́ ọmọdé inú ìjọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìpàdé náà ò sì tíì parí láti bí ọdún mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tíì tìtorí rẹ̀ lọ rí ni pé kó lọ sinmi, kó ya fọ́tò, kó sì padà wálé. Òun ni Ọmọ́níyì dáwọ́ lé.

Onífọ́tò ni Ọmọ́níyì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Godswill ti ń tún fóònù ṣe. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ débi pé tó bá délé, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa bi í pé báwo làwọn ará Èkó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń ya ìgbéyàwó, ó ń ya ìkómọ, ṣùgbọ́n fọ́tò físà ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará ẹ́ḿbásì le lórí fọ́tò. Aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ funfun, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, eyín ò gbọdọ̀ hàn, ojú ò sì gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Ọmọ́níyì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò lójú ènìyàn. Á ní kí oníbàárà ro ti ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, kó má bínú sí i, kó má sì retí pé wọ́n máa mú un wá, kó kàn jókòó sínú òkùnkùn náà jẹ́jẹ́. Ojú oníbàárà á tòrò wẹ́rẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé ẹni tó bá ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀, físà rẹ̀ kì í pẹ́. Láti Ìgàndó, láti Ìkọ̀tún, wọ́n ń wá bá a.

Mẹ́jọ mẹ́jọ ló máa ń tẹ fọ́tò náà, torí bẹ́ẹ̀ ni bébà ṣe rí. Ẹ́ḿbásì ò sì nílò ju méjì lọ. Oníbàárà á mú méjì, á ní, "Bọ̀dá Níyì, ẹ bá mi tọ́jú èyí tó kù, màá padà wá gbà á." Ọmọ́níyì á kó èyí tó kù sínú páànù bísíkíìtì kan lábẹ́ káńtà. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, páànù àkọ́kọ́ ti kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì. Kò sí ẹni tó tíì padà wá gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń wo iwájú tààrà, ojú wọn ò sọ nǹkan kan.

Bí ó ti wá ń yọ etí àwọn ènìyàn jáde síwájú aṣọ funfun yìí lọ́dọọdún, ó wá ń wu Ọmọ́níyì pé kó ya nǹkan tí kò ní etí. Orí fóònù ló ti rí i. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Charles, ọmọ Rùwáńdà, máa ń kó àwọn onífọ́tò jọ láti ìlú oríṣiríṣi, á sì fi wọ́n mọ ilẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jí láti ya ìkùukùu tó bo òkè mọ́lẹ̀ bí òwú. Wọ́n ń lọ sí oko tíì. Wọ́n ń lọ sétí adágún omi kan tí àwọn apẹja ti máa ń kọrin bí wọ́n bá ń wa ọkọ̀ jáde. Èyí tó bá fẹ́ wo ìnàkí nínú igbó á sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí Ọmọ́níyì rí iye tí wọ́n ń gbà kí ènìyàn tó fojú kan ìnàkí, ó ní òun àti ìnàkí ò jà, kó máa gbé inú igbó rẹ̀ ní àlàáfíà. Òkè ló wu òun.

Ohun tó tún dùn mọ́ ọn jù ni pé ìlú náà ò béèrè físà lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin tó ti ya fọ́tò físà fún ìdajì Alímọ̀ṣọ́ wá rí ibi tí òun lè lọ tí kò sẹ́ni tó máa wo etí òun.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Iṣẹ́ ọdẹ gidi ni iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ mọ̀. Á wo iye rẹ̀ láàárọ̀, á tún wò ó lọ́sàn-án, owó tíkẹ́ẹ̀tì náà á máa sá sókè sá sílẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Wọ́n ní ọjọ́ Túsìdeè ló máa ń rọjú. Wọ́n ní téèyàn bá ń wò ó lemọ́lemọ́ lórí fóònù kan náà, á mọ̀ ọ́n lójú, á sì gbówó lórí. Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀ sí í yá fóònù Godswill wò ó. Níkẹyìn, ó rí ọ̀kan tó rọjú débi pé kò gbà kí ènìyàn gbé ẹrù tó ju báàgì kan lọ, kò gbà kó yí ọjọ́ padà, kò sì gbà kó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rà á.

Ibi tó ti ṣe àṣìṣe ni pé ó sọ fún àwọn ènìyàn.

Ọmọlúàbí tó bá ń rìnrìn àjò kì í wí. Á kàn pòórá ni. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á rí fọ́tò rẹ̀ nínú yìnyín, pẹ̀lú ẹ̀wù tó nípọn, wọ́n á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ́níyì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń sọ ọjọ́ tí òun ń lọ, ọjọ́ tí òun ń bọ̀, àti ohun tí òun ń lọ ṣe. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ dájú pé irọ́ ni.

Alhaja Sìkírátù, tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é. Ìyá àgbàlagbà ni, àga rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ di àṣáálẹ́, kò sì sí ẹrù tó jáde tàbí tó wọlé ní òpópónà náà tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

"Níyì, wọ́n ní o ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Rùwáńdà ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Òkè ni mà. Mo fẹ́ lọ ya òkè."

Alhaja wò ó títí. "Ṣé èyí tó wà ní Ẹ̀fọ̀n ti tán ni?"

Ọmọ́níyì ṣàlàyé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìkùukùu, ó sọ̀rọ̀ nípa bí oòrùn ṣe ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó ṣí fọ́tò hàn án lórí fóònù. Alhaja ń gbọ́ ọ bí ìyá tó ń gbọ́ àlàyé ọmọ tó fi ẹran sẹ́nu. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyá náà fa àga mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé ọ̀nà Rùwáńdà ni wọ́n wá ń gbà dé Kánádà báyìí. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, Ganiyat ọmọ òun nìkan ló nílò irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọmọ́níyì búra fún un pé kò sí Kánádà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Alhaja gbóríyìn fún un pé ó gbọ́n, pé bó ṣe yẹ kí ènìyàn máa sọ ọ́ nìyẹn. Kó tó dìde, ìyá náà ti béèrè ẹni tó máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lé lọ́wọ́.

Bí ó ti ń sọ òótọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un tó. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń kí i. Wọ́n ń yà wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kó ya àwọn ní fọ́tò méjì, tó bá ti kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ wọ́n á bi í pé èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń múni kọjá. Godswill ní ti ẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ń wo ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹ má worry. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, èmi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n showcase mi á gba ibí yìí dáadáa o."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ni Ọmọ́wùnmí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ló ti ń kọ́ ọmọ ní Ìgàndó, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bá délé ní Báruwà, torí ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán ní kíláàsì. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù sílé láti ìgbà tí Olúwatósìn ọmọ wọn ti wọ yunifásítì. Nígbà tí Ọmọ́níyì fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án lórí fóònù, ohun tó béèrè ni pé kó fi ibi tí wọ́n kọ àbọ̀ sí han òun. Ó wò ó. Ó gba fóònù náà, ó tún wò ó dáadáa. Ó ní ó dára, ó dá fóònù padà.

Kì í ṣe pé kò gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó kàn rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ni gbogbo àwọn tí kò bọ̀ náà rà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ó lọ ya àwòrán ọmọ tuntun nítòsí. Ọmọ́wùnmí jókòó dè é, ó ń wá ṣíbí fún oúnjẹ lábẹ́ káńtà, ọwọ́ rẹ̀ sì ba páànù bísíkíìtì. Ó ṣí i. Ó mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó rí ọkọ Mardiyah, tíṣà tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń kọ́ kíláàsì kẹrin; ọkọ náà lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, Mardiyah sì ń ka ọ̀sẹ̀ náà títí dòní. Ó rí akọrin ìjọ wọn kan. Ó rí tọkọtaya tó ń gbé òkè ilé wọn nígbà kan. Ó pa páànù náà dé, ó dá a padà síbi tó wà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó ní ìrẹsì náà ti ń tutù.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni pásípọ́ọ̀tù Ọmọ́níyì máa ń wà, bíi gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì nínú ilé náà. Ní ìjọ tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ọjọ́ pásípọ́ọ̀tù. Gbogbo ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò á kó ìwé tirẹ̀ wá síwájú, wọ́n á tò ó jọ bí búrẹ́dì, Pásítọ̀ á gbàdúrà sí i, á sì ta òróró sí i lórí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọmọ́níyì ò sí ní ìjọ, ìsìn ìdúpẹ́ ìgbéyàwó kan ló lọ yà ní Ìpájà. Ọmọ́wùnmí gbé pásípọ́ọ̀tù ọkọ rẹ̀ síwájú. Ó pẹ́ kó tó pinnu láti dìde, ìyẹn ló jẹ́ kí tirẹ̀ wà lókè pátápátá.

Pásítọ̀ na ọwọ́ sí wọn. Ó pàṣẹ fún gbogbo ìwé náà pé kí wọ́n lọ. Ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ààlà ṣí, kí wọ́n lọ, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ìjọ ń pariwo àmín. Ní ti Ọmọ́wùnmí, ohun tó ń sọ lábẹ́ ẹnu ni pé kó bọ̀, Olúwa, kó bọ̀. Báyìí ni àdúrà méjì tó kọjú ìjà síra wọn ṣe ń gun òkè lórí pásípọ́ọ̀tù kan. Ìgò òróró ọjọ́ náà sì jẹ́ tuntun, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Pásítọ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀mí gbé e, ó dojú ìgò náà dé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ gba ìbùkún díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà lókè wẹ̀.

Nígbà tó délé, Ọmọ́wùnmí fi tíṣù nù ún. Òróró náà ti wọ inú. Ó sá a sójú fèrèsé. Ó da pọ́dà ọmọdé sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń da pọ́dà sí àbàwọ́n epo lára aṣọ. Nígbà tí pọ́dà náà ti mu tirẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀, ó rọra fi tẹ̀ ẹ́. Lójú rẹ̀, ó dára gan-an. Ó fi sínú ápòòwé, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀. Ó ní kó má baà dọ̀tí ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n pe Ọmọ́níyì fúnra rẹ̀ síwájú ìjọ láti dágbére. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́, ó sì ṣàlàyé pé kò sí ìdágbére nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni òun ń lọ lò, òun fẹ́ ya òkè. Pásítọ̀ gba ẹ̀rọ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Arákùnrin wa ní ọ̀sẹ̀ kan," ó ní. "Ọlọ́run ní jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àmín ọjọ́ náà mi òrùlé. Láti ibi tó dúró sí, Ọmọ́níyì rí ẹnu kan ṣoṣo tí kò mì, ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé ọ̀fun ń dùn ún ni.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Charles ti fi ohùn ránṣẹ́ pé òtútù òwúrọ̀ ní òkè náà kì í ṣeré, kó gbé súwẹ́tà, kó gbé bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Ọmọ́níyì ti nu lẹ́ńsì rẹ̀ lánùtúnnù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Alhaja lọ́wọ́ fún ìtọ́jú, ìyá náà sì súre fún un bí ẹni tí wọn ò ní fojú kanra mọ́. Ọmọ́wùnmí gbé ápòòwé lé e lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní kó bá òun kí àwọn òkè náà. Ọkọ̀ ti ń dúró. Ọmọ́níyì ò ráyè ṣí ápòòwé.

Ọmọbìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní pápákọ̀ òfuurufú ló ṣí i. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ dín nǹkan nínú ẹ̀ ni?"

Ọmọ́níyì gbà á wò. Ojú ewé bíi mélòó kan ti lẹ̀ mọ́ra wọn, áyọ́ọ̀nù ti fún wọn ní ìgbéyàwó tí kò ní ìkọ̀sílẹ̀. Èyí tí kò lẹ̀ ń fi ẹ̀yìn hàn bí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Ó ń rùn bí ọmọ jòjòló tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Ibi tí fọ́tò rẹ̀ wà nìkan ló mọ́ nínú rẹ̀: ojú rẹ̀ ń wo iwájú, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọbìnrin náà pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pe ẹlòmíràn. Wọ́n ń gba ìwé náà lọ́wọ́ ara wọn, oníkálukú ń gbóòórùn rẹ̀. Wọn ò pariwo mọ́ ọn, wọ́n tilẹ̀ ń bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní ìwé tó bá ti bàjẹ́ báyìí, àwọn ò lè jẹ́ kó bá a wọ ọkọ̀, kó lọ gba tuntun. Ó bi wọ́n nípa tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo irú tíkẹ́ẹ̀tì tó rà, wọ́n sì wò ó pẹ̀lú àánú tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó jókòó sórí àga irin kan níbẹ̀, ó pe Charles. Charles ò ké, kò bú u. Ó ní òróró kẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kó má bínú, ó ní àwọn òkè náà ò lọ síbì kankan, òun á tọ́jú ààyè rẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn àsìkò òjò. Ọmọ́níyì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń gbéra. Kò yà á.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi dé Ẹ̀gbẹ́dá padà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Showcase Godswill ti wà nínú rẹ̀, ó kún fún fóònù, wọ́n ti ká aṣọ funfun rẹ̀ sí igun kan. Alhaja Sìkírátù wò ó láti òkè dé ilẹ̀, òun àti báàgì rẹ̀ àti súwẹ́tà tó gbé kọ́ ọrùn.

"Níyì," ó ní, "ṣé Kánádà ti wá sún mọ́ wa tó báyìí ni?"

Ó sọ fún un pé òun ò lọ mọ́, pásípọ́ọ̀tù òun bàjẹ́. Alhaja ní ó yé òun, kò sí ohun tójú ò rí. Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Báruwà pé wọ́n ti dá Bàbá Tósìn padà láti Kánádà. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí dì mọ́ ọn ní ẹnu géètì, ó ní kó má jẹ́ kó ká a lára, pé wọ́n dá ẹ̀gbọ́n òun padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ráyè wọlé. Ní ṣọ́ọ̀bù, Godswill ní tirẹ̀ ti ń gbé fóònù rẹ̀ jáde láìjanpata. Ó ní kò sí wàhálà, òun á dúró de ìgbà mìíràn.

Ọmọ́wùnmí wà ní kíṣìnì nígbà tó wọlé. Kò kígbe. Ó yípadà, ó rí i, ó sì jókòó sórí àpótí bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀. Ọmọ́níyì gbé ápòòwé náà sórí tábìlì. Ó ṣí ìkòkò. Oúnjẹ ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀.

"Ta lo se èyí dè?"

"Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan."

"Wùnmí, kí ló ṣe pásípọ́ọ̀tù mi?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti òróró, ó sọ ti pọ́dà, ó sọ ti áyọ́ọ̀nù. Ọmọ́níyì ń gbọ́. Ó ti múra ìbínú sílẹ̀ láti pápákọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé e. Ó ní kí ló dé tó fi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ nígbà tí òun ò nílò físà, tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà lé.

"Kì í ṣe pé kí ẹ lè lọ," ó ní. "Pé kí ẹ padà ni mo gbàdúrà sí." Ó fi etí ìró nu ojú. "Mi ò ní kí ẹ padà lónìí."

Ọmọ́níyì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ìwọ náà rò pé mi ò ní bọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni páànù bísíkíìtì yẹn, Bàbá Tósìn. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi tó bọ̀ nínú wọn."

"Òkè ni mo fẹ́ lọ yà."

"Mo mọ̀. Ọkọ Mardiyah náà, ó ní nǹkan tó fẹ́ lọ ṣe."

Ìwọ̀nyí ni ojú tí Ọmọ́níyì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára wọn. Ó ń wá ẹnì kan nínú wọn lọ́kàn, ó wá a lọ, wá a bọ̀. Níkẹyìn ó bu oúnjẹ, ó bu tirẹ̀ náà fún un, wọ́n sì jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀ nínú abọ́ rẹ̀, ó ní, "Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la tí ẹ bá ti jáde ilé ìwé. Má wọ aṣọ funfun."

Obìnrin tó ti jẹ́ ìyàwó onífọ́tò fún ogún ọdún mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà síwájú aṣọ funfun kì í wọ funfun.

"Èmi?" ó ní. "Kí n wá lọ ṣe kí ni lórí òkè?"

"Kí o máa mú mi bọ̀."

Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búláòsì aláwọ̀ ewé àti gèlè tí ọkọ rẹ̀ ní kó tú, kí etí lè hàn. Wọ́n ti fi aṣọ funfun kọ́ padà. Ó jókòó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ́níyì ní kó pa eyín mọ́. Ó pa á mọ́, ojú rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ní kó ro ti ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ìyẹn gan-an ló wá pa á lẹ́rìn-ín, torí ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún tó pẹ́.

"Ó dáa," Ọmọ́níyì ní, "ro ti áyọ́ọ̀nù."

Ojú Ọmọ́wùnmí tòrò wẹ́rẹ́, kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ́níyì yà á.

Alhaja Sìkírátù rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ó rí tíṣà níwájú aṣọ funfun, láìsí gèlè, etí méjèèjì níta. Ó ránṣẹ́ sí Godswill kíákíá pé kó wá wọn ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wọ̀n ọ́n dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, torí tọkọtìyàwó ló fẹ́ lọ báyìí, irú àwọn wọ̀nyẹn kì í sì í padà láéláé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbóná lọ́wọ́. Ọmọ́wùnmí bi í pé mélòó ló fẹ́ tẹ̀. Ó ní mẹ́jọ, ṣé bí bébà ṣe rí nìyẹn.

"Iye tí àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù bá ní kí n mú wá ni kí ẹ tẹ̀," ó ní. "Mi ò fẹ́ èyí tó máa kù."

Ó tẹ méjì sí igun kan lára bébà olówó iyebíye náà. Ó gé wọn, ó fi lé e lọ́wọ́, Ọmọ́wùnmí sì kó wọn sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọmọ́níyì ká ìyókù bébà náà, tí kò sí ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀, ó jù ú nù.